Káàdì Fàdákà fún Màmá

Ẹni tó bá ti wọ bàálù lọ sí òkè òkun rí yóò ti rí ìlà méjì tó máa ń wà níwájú káńtà ní pápákọ̀ òfuurufú. Ìlà kan gùn bí ìlà epo nígbà ọ̀wọ́n gógó: àpótí wà nílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, ọmọ ń ké, àwọn àgbà ń jókòó lé ẹrù wọn lórí kí ẹsẹ̀ lè sinmi. Ìlà kejì kì í sábà ju èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Kì í sì í ṣe gbogbo àwọn tó wà ní ìlà kékeré yìí ló sanwó ìjókòó olówó ńlá. Àwọn mìíràn nínú wọn yóò lọ jókòó sí ẹ̀yìn bàálù bíi tèmi àti tiyín. Káàdì kan lásán ló yà wọ́n sọ́tọ̀, èyí tó fi hàn pé wọ́n ti bá ilé-iṣẹ́ bàálù náà rìn pẹ́, wọ́n sì ti di oníbàárà àtàtà.

Ọ̀rọ̀ káàdì yìí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé sọ lọ́sẹ̀ yìí, nítorí pé lọ́dún tó kọjá, díẹ̀ ló kù kó dá àríyànjiyàn ńlá sílẹ̀ láàárín èmi àtàwọn ọmọ ìyá mi. Ìbéèrè tó bí gbogbo rẹ̀ rọrùn létí: tí Màmá bá wọ bàálù tó ń bọ̀ yìí, mélòó ni yóò fi kún èyí tó ti kó jọ, ṣé yóò sì tó gba káàdì? Ẹni tó bá mọ ìṣirò oníwèé kẹfà lè dáhùn rẹ̀. Àmọ́ bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìbéèrè mìíràn ń yọ jáde tí ìṣirò kò lè dáhùn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń kà. Ètò yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 1981 ni ilé-iṣẹ́ American Airlines dá èyí tí wọ́n pè ní AAdvantage sílẹ̀, àwọn ilé-iṣẹ́ yòókù sì tẹ̀ lé wọn. Lónìí, ekukáká ni ẹ fi máa rí ilé-iṣẹ́ ńlá kan tó ń ná Èkó sí òkè òkun tí kò ní tirẹ̀. Ti Air France àti KLM ni wọ́n ń pè ní Flying Blue; ọdún 2005 ni àwọn méjèèjì da ètò wọn pọ̀ di ọ̀kan. Ti Delta ni SkyMiles. Ti Emirates ni Skywards. Ti British Airways, Executive Club ni orúkọ rẹ̀ títí di ọdún 2025 tí wọ́n yí i padà.

Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nínú ètò wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì ń dà wọ́n pọ̀. Àkọ́kọ́ ni máìlì. Máìlì dà bí owó àjọ: ẹ ń dá a díẹ̀díẹ̀, tó bá pọ̀ tó, ẹ ó kó o, ẹ ó fi gba tíkẹ́ẹ̀tì, ó tán. Nínú Flying Blue, ìdílé kan tilẹ̀ lè kó máìlì wọn sójú kan, àgbà méjì àti ọmọdé tó tó mẹ́fà. Èkejì ni póìǹtì ipò, èyí tí Flying Blue ń pè ní XP. Èyí kò ṣeé ná, kò ṣeé tà, kò sì ṣeé fún ọkọ tàbí ọmọ. Ó dà bí oyè. Ẹni tó jẹ ẹ́ ló ń dé fìlà rẹ̀. Ibi tó ti yàtọ̀ sí oyè ilé wa ni pé ó ní ọdún tirẹ̀: ẹni tí kò bá rìn tó mọ́, wọ́n á ṣí fìlà náà lórí rẹ̀.

Nínú Flying Blue, ìpele tí wọ́n ń pè ní Explorer ni gbogbo èèyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá kó XP 100 jọ láàárín oṣù 12 ti di Silver, ìyẹn Fàdákà. Láti Fàdákà, 180 mìíràn ló ń gbé èèyàn dé Gold, ìyẹn Wúrà. Láti Wúrà, 300 mìíràn ló ń gbé e dé Platinum. Tí oṣù 12 bá pé tí ẹni tó wà ní ìpele ìbẹ̀rẹ̀ kò tíì rí 100, kíkà á tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

Báwo ni wọ́n ṣe ń fúnni ní XP? Láti ọdún 2018, ohun méjì ni wọ́n ń wò: bí ọ̀nà ṣe jìn tó, àti irú ìjókòó tí èèyàn jókòó sí. Fún ẹni tó jókòó sí ìkónómì, ọkọ̀ tí kò jáde kúrò nínú orílẹ̀-èdè kan ń mú XP 2 wá. Èyí tó jáde, ṣùgbọ́n tí ọ̀nà rẹ̀ kò tó máìlì 2,000, ń mú 5 wá. Láti 2,000 sí 3,500, ó di 8. Láti 3,500 sí 5,000, ó di 10. Èyí tó bá ju 5,000 lọ, 12 ni. Ẹni tó bá jókòó sí prímíọ̀mù, ìyẹn ìjókòó tó wà láàárín ìkónómì àti bísínẹ́ẹ̀sì, yóò gba ìlọ́po méjì. Ti bísínẹ́ẹ̀sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta.

Ẹ fi ọkàn sí èyí dáadáa: ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kà, kì í ṣe ìrìn àjò lápapọ̀. Láti Èkó sí Paris jẹ́ nǹkan bíi máìlì 2,900, nítorí náà ó jẹ́ 8. Láti Paris sí Manchester kò tó máìlì 400, síbẹ̀ ó jẹ́ 5, torí pé ó ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn. Ẹni tó bá gba Paris lọ sí Manchester yóò rí 13 ní àlọ, 13 ní àbọ̀, 26 lápapọ̀. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá gba Paris lọ sí Atlanta fi ń rí 18 ní àlọ nìkan, 8 àti 10, nígbà tó jẹ́ pé ẹni tó bá fi ọkọ̀ kan ṣoṣo fò láti Èkó sí Atlanta, tó ju máìlì 5,000 lọ, 12 péré ni tirẹ̀. Ọ̀nà tó ní ìyànà ló ń mú póìǹtì wá jù. Ẹsẹ̀ àgbàlagbà kò sì fẹ́ràn ìyànà.

Àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn kì í ka ọ̀nà mọ́, owó ni wọ́n ń kà. British Airways ń fi ọ̀nà àti ìjókòó kà á tẹ́lẹ̀, póìǹtì 600 ló sì ń gbé èèyàn dé Silver. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 2025, wọ́n yí i padà: £1 tí ẹ bá san, póìǹtì 1. Bronze di 3,500, Silver di 7,500, Gold di 20,000. Delta náà ń ka owó: $1 sí 1, pẹ̀lú 5,000 fún Silver àti 10,000 fún Gold.

Ẹni tó bá ń ṣírò níbi tí wọ́n ti ń ka owó gbọ́dọ̀ rántí pé kì í ṣe gbogbo iye tó wà lórí tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń kà. Owó-orí ìjọba àti owó pápákọ̀ kò sí lára rẹ̀. Bàálù tó bá gbéra láti Ìlú Ọba sí ilẹ̀ wa, owó-orí tí ìjọba wọn gbà lórí ìjókòó ìkónómì ní oṣù kẹrin ọdún 2025 jẹ́ £90. Lọ́dọ̀ tiwa náà, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó tíkẹ́ẹ̀tì ń lọ sápò ìjọba. Ká sọ pé tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀ jẹ́ £900, tí £250 nínú rẹ̀ sì jẹ́ irú owó bẹ́ẹ̀. £650 ló kù tí wọ́n máa kà. Ẹ pín 7,500 sí ọ̀nà 650, ẹ ó rí i pé ẹni náà ní láti lọ kó sì bọ̀ ní ìgbà 12 láàárín ọdún kan kó tó dé Silver. Àwọn oníṣòwò ńlá àtàwọn tí ibi iṣẹ́ wọn ń san tíkẹ́ẹ̀tì fún lè ṣe é. Ìyá àgbà tó ń lọ wo ọmọ-ọmọ kò lè ṣe é láéláé.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé Flying Blue la fi orúkọ Màmá sí. Ó pé ẹni ọdún 76 lọ́dún tó kọjá, Abẹ́òkúta ló ń gbé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní Atlanta, àbúrò wa obìnrin wà ní Manchester, èmi wà ní Èkó, àwọn méjì yòókù sì wà nílé pẹ̀lú mi. Nígbà tí àbúrò wa bí ìbejì ní oṣù kọkànlá, Màmá lọ tọ́jú wọn: XP 26. Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n mi ní kí àwọn náà rí ìyá àwọn, Màmá gba Paris lọ sí Atlanta, ó sì bọ̀: XP 36. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 62. Ọdún kíkà rẹ̀ yóò parí ní ìparí oṣù kẹsàn-án.

Ní oṣù keje, àbúrò wa pè wá. Ó fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́, owó tí wọ́n ń gbà níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ lọ́hùn-ún kò ṣeé fẹnu sọ, pàápàá fún ìbejì. Ṣé Màmá lè wá ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ? Màmá ní òun ti di ẹrù. Kò sì parọ́. Láfún ti wà nínú ike, ẹ̀gúsí ti di lílọ̀, aṣọ òkè kékeré méjì tó jọra ti ti ọ̀dọ̀ aláṣọ dé.

Ẹrù yìí ló gbé ọ̀rọ̀ káàdì jáde. Àǹfààní tí Fàdákà ń fúnni kò pọ̀, àmọ́ ó bá ohun tí Màmá ń fẹ́ mu gan-an: àpótí kan sí i, tí kò ju kílò 23 lọ, lé lórí èyí tí tíkẹ́ẹ̀tì fúnni, ìlà kékeré ní káńtà, àti wíwọ bàálù ṣáájú èrò. Ti yàrá ìsinmi, níbi tí wọ́n ti ń jẹ tí wọ́n ti ń mu, ó di ọwọ́ Wúrà. Màmá kò bìkítà nípa yàrá ìsinmi. Orúnkún rẹ̀ ń dùn ún, ìlà gígùn ló ń bà á lẹ́rù. Àpótí kẹta, tí wọ́n bá gbé e fún un, ó ti mọ ohun tó máa kó sí i láti bí oṣù mẹ́ta.

Ọmọ mi àgbà, tó wà ní yunifásítì, ló jókòó ti ìṣirò náà. Ó kọ ọ́ sórí bébà, ó yà á ní fọ́tò, ó sì fi ránṣẹ́ sí gbogbo wa lórí WhatsApp. Ìkónómì ní àlọ àti àbọ̀: 62 pẹ̀lú 26, ó jẹ́ 88. Ó ku 12. Tí Màmá bá gba Paris, tó tún gba Amsterdam, kó tó dé Manchester, ó jẹ́ 18 ní àlọ, 18 ní àbọ̀: 98. Ó ku 2. Mo rí i tí ọmọ náà fi àwòrán ojú tó ń sunkún sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Prímíọ̀mù ní àlọ àti àbọ̀: 16 dé Paris, 5 dé Manchester, nítorí pé ọkọ̀ kékeré yẹn kò ní prímíọ̀mù, 5 padà sí Paris, 16 padà sí Èkó. Ó jẹ́ 42. 62 pẹ̀lú 42, ó jẹ́ 104. Ó ti tó! Bísínẹ́ẹ̀sì ní àlọ nìkan: 24 pẹ̀lú 15 jẹ́ 39, àpapọ̀ 101. Ìyẹn náà tó.

Ariwo sọ. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Atlanta ní ká ra prímíọ̀mù, pé òun á san ìdajì àlékún owó rẹ̀. Àbúrò mi tó tẹ̀ lé mi, tó jẹ́ tíṣà ní Ṣàgámù, ní àlékún owó tí à ń wí yẹn ju owó oṣù òun lọ, káàdì wo ló wá tó bẹ́ẹ̀? Ẹlòmíràn ní kí Màmá kúkú fi ọkọ̀ kan ṣoṣo lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, kí àna wa wá fi mọ́tò gbé e, nígbà tí Manchester kò ju nǹkan bíi máìlì 200 lọ, kí á gbàgbé XP. Àbúrò wa tó ni ìbejì kò sọ nǹkan kan rárá. Ó kàn ń ka ohun tí à ń kọ.

Èmi tún bébà ọmọ mi yẹ̀ wò lóru ọjọ́ náà, mo sì rí ohun mẹ́ta tí àròpọ̀ kò sọ.

Àkọ́kọ́, póìǹtì kì í wọlé ní ọjọ́ tí a ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yìn ìgbà tí èèyàn bá ti fò tán ló ń wọlé, lọ́kọ̀ọ̀kan. Nínú ètò prímíọ̀mù, tí Màmá bá dé Manchester, 83 ni yóò ní. Tó bá padà dé Paris, 88. Ìgbà tó bá balẹ̀ sí Ìkẹjà tán ni yóò di 104. Ẹrù láfún ti dé Manchester láti bí oṣù méjì, orúnkún ti to ìlà rẹ̀ tán, kí káàdì tó dé. Kò sí ohun tí Fàdákà yóò ṣe fún ìrìn àjò tí a tìtorí rẹ̀ ń wá Fàdákà. Ìrìn àjò ti ọdún tó ń bọ̀ ló máa wúlò fún.

Èkejì, bísínẹ́ẹ̀sì tó máa jẹ́ kó di Fàdákà ní kété tó bá dé Manchester ti ní gbogbo ohun tí Fàdákà ní nínú tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ra bísínẹ́ẹ̀sì ní ìlà tirẹ̀, ó ń wọlé ṣáájú, àpótí méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílò 32 ló sì lè gbé. A ó wá fi owó ńlá ra ohun náà lẹ́ẹ̀mejì. Bí ìgbà tí èèyàn ra agbòòrùn tán tó tún ń ra páànù sí i ni.

Ẹ̀kẹta ló dùn mí jù. Ọjọ́ tí èèyàn fò ni wọ́n ń kà, kì í ṣe ọjọ́ tó sanwó. Kí àbọ̀ Màmá tó lè wọ inú kíkà ọdún yẹn, ó gbọ́dọ̀ padà wálé kí oṣù kẹsàn-án tó parí. Oṣù kọkànlá sì ni àwọn ìbejì yóò pé ọdún kan.

Mo pe àbúrò mi ní Manchester láàárọ̀ kùtù. Mo ní, "Ìgbà wo lo fẹ́ kí Màmá padà?" Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo rí i pé gbogbo yín ń ṣírò ìparí oṣù kẹsàn-án. Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé mo fẹ́ fi Màmá ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Àmọ́ mo ti ń wò ó pé wọ́n á wà níbẹ̀ nígbà tí àwọn ọmọ yìí bá máa gé kéèkì wọn." Físà Màmá gbà á láyè, nítorí pé àlejò lè wà lọ́hùn-ún tó oṣù mẹ́fà ní ìgbà kan. Káàdì nìkan ni kò gbà á láyè.

Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo lọ sí Abẹ́òkúta. Mo kó gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ fún Màmá ní èdè tí wọ́n lè gbọ́: pé a ń dá àjọ ìrìn kan fún wọn, pé ó ku díẹ̀ kó pé, pé tí wọ́n bá tètè padà wálé tí a sì fi owó lé tíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n á di ẹni iyì, wọ́n á sì lè gbé àpótí kẹta nígbà tí wọ́n bá tún ń lọ lọ́dún tó ń bọ̀.

Wọ́n gbọ́ ọ títí dé òpin. Wọ́n wá bi mí pé, "Ta ló sọ fún yín pé mo tún ń lọ lọ́dún tó ń bọ̀?"

Mi ò lè dáhùn. Gbogbo wa la ti ń ṣe àròpọ̀ lórí ìrìn àjò tí ẹnì kankan kò bi í léèrè. Ó sì yé mi ìdí tí a kò fi béèrè. Ẹni tó bá bi ìyá ẹni ọdún 76 pé ṣé yóò tún lè wọ bàálù lọ́dún tó ń bọ̀ ti béèrè ohun mìíràn pẹ̀lú rẹ̀, ohun tí ọmọ kì í fẹ́ fi ẹnu sọ. Nọ́ńbà rọrùn ju ìbéèrè yẹn lọ. 88, 98, 104: èèyàn lè fi gbogbo òru jiyàn lé wọn lórí láìsunkún.

Màmá kò sunkún. Wọ́n ní, "Èmi á lọ ní tèmi, màá sì dúró títí wọ́n á fi pé ọdún kan. Tí ọdún bá yí po, kí àwọn náà gbé àwọn ọmọ yẹn wá kí n fi ilé bàbá wọn àgbà hàn wọ́n. Ṣé èmi nìkan ni bàálù wà fún ni?" Wọ́n tún ní, "Owó tí ẹ fẹ́ fi lé tíkẹ́ẹ̀tì mi yẹn, ẹ tọ́jú ẹ̀ de tiwọn."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe parí nìyẹn. A ra ìkónómì, a gba Paris torí pé òun ni owó rẹ̀ rọ̀ jù lọ́sẹ̀ náà, a sì fi àbọ̀ sí oṣù kọkànlá. Ní ìparí oṣù kẹsàn-án, 75 ló wà nínú ìwé Màmá, ó sì padà di òdo. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu kàn án nínú ilé.

Ti orúnkún náà, ọ̀nà wà fún un tí kò gba káàdì kankan. Arìnrìn-àjò tí ẹsẹ̀ ń dùn lè béèrè pé kí wọ́n fi àga onítáyà gbé òun láti káńtà títí dé ẹnu ọ̀nà bàálù, àti láti ọkọ̀ kan sí èkejì níbi tí ó ti ń yí ọkọ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù tọdún 2006 kà á sí ẹ̀tọ́ èrò. Ohun tí wọ́n kàn ń fẹ́ ni kí ẹ sọ fún wọn, ó kéré tán, wákàtí 48 ṣáájú. Màmá ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì tẹ́lẹ̀, wọ́n ní àwọn kò tíì yarọ. Lọ́tẹ̀ yìí, mo ṣàlàyé pé àwọn tó jókòó sórí àga yẹn kì í to ìlà gígùn. Wọ́n ronú sí i. Wọ́n ní, "Ṣé kò sówó níbẹ̀?" Mo ní kò sí. Wọ́n ní, "Ó dáa, ẹ kọ orúkọ mi."

Ẹ̀yin tí ẹ ní òbí tàbí ọmọ tó ń lọ tó ń bọ̀, mi ò sọ pé kí ẹ má ṣe gba káàdì o. Ẹ fi orúkọ sílẹ̀, kò gba owó. Ètò kan ṣoṣo ni kí ẹ fi gbogbo ìrìn yín sí, nítorí pé àwọn ilé-iṣẹ́ tó wà nínú ẹgbẹ́ kan náà máa ń ka ti ara wọn: ẹni tó bá wọ Delta láti Èkó lè fi nọ́ńbà Flying Blue rẹ̀ sí i. Ẹ rí i pé orúkọ inú ètò náà bá ti ìwé ìrìnnà mu, ẹ fi nọ́ńbà sórí tíkẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó fò, kí ẹ sì tọ́jú ìwé wíwọ bàálù títí póìǹtì á fi wọlé.

Tí ẹ bá wá fẹ́ ṣírò, ẹ béèrè bóyá ọ̀nà ni wọ́n ń kà tàbí owó. Tó bá jẹ́ ọ̀nà, ẹ ka ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, ẹ sì wo ìjókòó inú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Tó bá jẹ́ owó, ẹ kọ́kọ́ yọ owó-orí kúrò. Ẹ wo ọjọ́ tí ọdún kíkà yín parí, ẹ sì wo ọkọ̀ tó máa gbé yín kọjá ààlà náà, bóyá ti àlọ ni tàbí ti àbọ̀. Ẹ tún wo ìlànà wọn lọ́tun kí ẹ tó sanwó, torí pé ẹni tó ń fi ọ̀nà kà lónìí lè fi owó kà lọ́la, gẹ́gẹ́ bí British Airways ti ṣe. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ yọ ohun tí tíkẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ ti fún yín, àti ohun tó jẹ́ ọ̀fẹ́ fún gbogbo èèyàn. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni iye tí káàdì náà tó gan-an.

Kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ rin ìrìn náà ohun tó fẹ́, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àròpọ̀ fún un. Lọ́jọ́ tí àwọn ìbejì pé ọdún kan, àbúrò mi fi fídíò ránṣẹ́. Màmá jókòó sáàárín wọn pẹ̀lú gèlè, ọ̀kan wà lórí orúnkún tó ń dùn wọ́n, èkejì ń fa ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn wọn, àwọn méjèèjì sì wọ aṣọ òkè kékeré yẹn. A ti bẹ̀rẹ̀ àjọ ti tíkẹ́ẹ̀tì wọn báyìí. Ọdún Àjíǹde tó ń bọ̀ la dá.